Nọ́ọ̀tì Tí Mo Fi Pẹ́ńsù Dè

Ẹ̀rù ọ̀kadà máa ń bà mí. Àwọn tó bá rí àwòrán tí mo ń yà kì í gbà mí gbọ́ tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀kadà ló kún inú wọn: ọ̀kadà tó ń la omi òjò kọjá, ọ̀kadà tó gbé bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ká róbótó, ọ̀kadà tí ẹni tó jókòó sẹ́yìn gbé gíláàsì fèrèsé dání bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Wọ́n á ní, "Àǹtí, ẹ mà fẹ́ràn ọ̀kadà o." Mo máa ń rẹ́rìn-ín ni. Bí èèyàn bá rí ejò nínú yàrá, kì í lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ èmi àti ọ̀kadà ṣe rí.

Jakande ní Ìlasàn ni mò ń gbé, nínú fúláàtì tí bàbá mi gbà nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Yàrá wọn ni mo sọ di ibi iṣẹ́. Ọ̀kadà ti kúrò ládùúgbò wa láti ìgbà tí ìjọba ti fòfin dè é, láti Lẹ́kkí títí kọjá Ajah. Kẹ̀kẹ́ Márúwá la ń gùn báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọ̀kadà tó ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà á wọ ọkọ̀ kọjá Ajah, kọjá Ṣàngótẹ̀dó, títí dé Awóyáyà. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń lọ ya fọ́tò tí mo fi ń ṣiṣẹ́. N kì í lè ya nǹkan láti inú orí mi nìkan. Orí mi máa ń parọ́. Ó máa ń gbàgbé bí èèyàn ṣe ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ọ̀kadà bá fẹ́ yà, àti bí aṣọ ṣe ń wú lẹ́yìn ẹni tó ń gùn ún. Fọ́tò ló ń bá mi rántí.

Awóyáyà ni mo ti pàdé Bàbá. Gbogbo ọlọ́kadà tó wà ní ibùdókọ̀ yẹn ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ló dàgbà jù láàárín wọn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọ́n sì ti wa ọkọ̀ agbégi fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ojú tó sọ pé ó rẹ òun láti máa rìnrìn-àjò òru. Ọjọ́ méjì ni mo fi dúró ní ibùdókọ̀ náà, tí mò ń wo gbogbo wọn, kí n tó yan Bàbá. Àwọn nìkan ni mo rí tí wọ́n máa ń wo ẹ̀yìn kí wọ́n tó gbéra.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí mo gorí ẹ̀yìn ọ̀kadà, Bàbá yíjú padà.

"Àǹtí, ṣé ẹ ti gun ọ̀kadà rí?"

"Ó ti pẹ́, sà."

"Ẹ rọra dì mí mú. Ìhà tí ẹ fún mọ́ra yìí, òun náà ni mo fi ń mí o."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, nígbà míì lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá á gbé mi lọ sí ọ̀nà tó wọ Lẹ́kkí Free Zone, màá sì máa ya fọ́tò láti ẹ̀yìn. Ọ̀nà yẹn kì í ṣe ọ̀nà eré. Tírélà tó gbé irin gígùn, típà tó gbé yanrìn, tanka tó gbé epo, gbogbo wọn ló ń gba ibẹ̀. Tí tírélà bá ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ara mi á ti mọ̀ kí n tó gbọ́ fèrè rẹ̀, torí ilẹ̀ á máa gbọ̀n títí dé ìjókòó. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ tì wá sí ẹ̀bá ọ̀nà, lẹ́yìn náà á tún fà wá padà sábẹ́ táyà rẹ̀. Àsìkò yẹn ni mo máa ń tẹ kámẹ́rà. Ọ̀pọ̀ fọ́tò tí àwọn èèyàn fi yìn mí, mo dijú nígbà tí mo ń yà á.

Ọjọ́ Àìkú kan báyìí, òjò ti rọ̀ dá. A dé ibi kan tí omi ti ń gba abẹ́ ọ̀nà kọjá, mo sì ní kí Bàbá dúró. Mo bọ́ sílẹ̀, mo lọ lóṣòó sínú koríko tútù, mo wá ya wọ́n láti ìsàlẹ̀. Táyà iwájú gba ìdajì fọ́tò. Bàbá wà lókè, wọ́n fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, omi ń kán láti etí akoto wọn, ojú wọn sì wà lójú ọ̀nà bí ẹni tó ń retí ẹnìkan. Mo wo fọ́tò náà lójú kámẹ́rà, mo mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé òun ni màá yà.

Ọ̀nà tí mo ń gbà ṣiṣẹ́ kò le. Mo máa ń ní kí wọ́n tẹ fọ́tò náà jáde kó tóbi tó àtẹ, màá wá fi rúlà fa ìlà lé e lórí, ti òró àti ti ìbú, títí á fi di àpótí-àpótí. Màá fa irú ìlà kan náà sára káńfáàsì ńlá. Ohun tó bá wà nínú àpótí kan nínú fọ́tò ni màá yà sínú àpótí tó bá a mu lára káńfáàsì. Pẹ́ńsù ni màá kọ́kọ́ fi ṣe é tán, kí n tó mú ọ̀dà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo dé àpótí tí àárín táyà iwájú wà. Irin gbọọrọ kan ló gba àárín táyà kọjá, tí ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀kadà méjèèjì, nọ́ọ̀tì sì wà ní orí irin náà tó dì í mú. Nínú fọ́tò, nọ́ọ̀tì yẹn kò lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀kadà. Ó ti jìnnà síta díẹ̀, bíi bọ́tìnnì tí òwú rẹ̀ fẹ́ já. Mo wò ó, kò dáa lójú mi. Mo ní bóyá ẹrẹ̀ ló dí àárín wọn, tàbí kámẹ́rà ló wọ́ ọ nítorí pé mo sún mọ́ ọn jù. Mo fi pẹ́ńsù yà á síbi tó yẹ kó wà, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́, mo sì bọ́ sí àpótí tó kàn. Gbogbo rẹ̀ kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo po ọ̀dà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Nígbà tí mo dé ìtòsí àárín táyà, mo wo fọ́tò, mo wo káńfáàsì, wọn ò jọra. Mo tún wo fọ́tò. Òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín nọ́ọ̀tì àti irin. Ẹrẹ̀ kọ́ nìyẹn. Àlàfo ni.

Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo wá fọ́tò tí mo ya oṣù tó kọjá. Nọ́ọ̀tì náà lẹ̀ dáadáa. Mo wá èyí tí mo kọ́kọ́ yà lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ní ibùdókọ̀, kí a tó gbéra. Ó ti ṣí díẹ̀, kò ju etí èékánná lọ. Mo wá èyí tí mo yà kẹ́yìn lọ́jọ́ náà, nígbà tí a padà dé. Ó ti fẹ̀ ju ti ibi omi lọ. Nọ́ọ̀tì yẹn ń jáde bọ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo jókòó sórí ọ̀kadà náà.

Mo jókòó, mo tún dìde. Mo pe Bàbá, ẹ̀rọ ní wọ́n ti pa fóònù. Mo tún pè, bákan náà ni. Mo mú fọ́tò náà, mo sáré bọ́ sílẹ̀ lọ bá mẹkáníìkì tó ń tún Kẹ̀kẹ́ Márúwá ṣe lẹ́nu ọ̀nà wa.

Mo ní, "Ẹ bá mi wo eléyìí. Ṣé bó ṣe yẹ kó wà nìyí?"

Ó nu ọwọ́ kó tó gbà á. Ó gbé e sún mọ́ ojú. "Ta ló ń gun èyí?"

"Ẹnìkan tí mo mọ̀ ni."

"Ìgbà wo lẹ yà á?"

"Ọjọ́ Àìkú."

Ó fi ìka tọ́ àárín táyà. "Àǹtí, ẹ pè é báyìí. Ẹ ní kó má gùn ún mọ́. Bí nọ́ọ̀tì yìí bá jáde, irin náà á máa yọ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tó bá yọ tán, táyà á lọ tiẹ̀, ẹni tó wà lórí rẹ̀ á forí sọlẹ̀."

"Mo ti pè é, kò lọ."

"Ẹ tètè wá a lọ."

Ìgbà yẹn ni mo rántí ọjọ́ tí a wà. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Bàbá máa ń gbé ìyàwó wọn lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lójú ọ̀nà Free Zone, láti lọ wẹ egbò tó wà lẹ́sẹ̀ ìyàwó náà. Bàbá ti sọ ọ́ fún mi, pé òun kì í gbé èrò kankan lọ́wọ́ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ti ìyàwó òun ni. Mi ò tíì rí Màmá náà rí. Ṣùgbọ́n láti Jakande títí dé ojú ọ̀nà márosẹ̀ ni mò ń rí wọn lọ́kàn mi, wọ́n jókòó síbi tí mo máa ń jókòó, ẹsẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mi ò lè sọ bí mo ṣe dé Awóyáyà. Mo mọ̀ pé mo wọ bọ́ọ̀sì, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ mi ṣì kún fún ọ̀dà, nítorí obìnrin tó jókòó tì mí fa aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn. Mò ń pe nọ́ńbà náà ṣáá. Nígbà tí a kọjá Ajah, mo ṣíwọ́ pípè. Ohun tí mò ń rò kò ju ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ, bí pẹ́ńsù ṣe rọrùn lọ́wọ́ mi, bí inú mi ṣe dùn pé mo ti tún ohun tí kò dára ṣe. Bí mo bá ti pe Bàbá lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ì bá jẹ́.

Ọkùnrin kan péré ni mo bá ní ibùdókọ̀, ó jókòó sórí ọ̀kadà rẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ gbé Màmá. Ó ti tó wákàtí kan."

"Fóònù wọn ò lọ."

"Ó wà níbi tí wọ́n ti ń ṣáàjì rẹ̀ níwájú yẹn. Ṣé kò sí o? Wọ́n tiẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀kadà ń gbọ̀n láàárọ̀ yìí, pé àwọn máa wò ó tí wọ́n bá dé."

Mo ní kó gbé mi lọ bá wọn. Láti ìgbà tí mo ti mọ Bàbá, mi ò gun ọ̀kadà ẹlòmíì. Kí n tó jókòó dáadáa ló ti gbéra. Ó sáré débi pé omi ń jáde lójú mi. Nígbà tó fẹ́ kọjá láàárín tírélà méjì, mo kígbe.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní ká tètè dé ibẹ̀ o!"

Òótọ́ ni.

A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì ọ̀nà nígbà tí mo rí èrò níwájú. Tírélà kan dúró gbagidi. Àwọn èèyàn dúró yí nǹkan ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọ̀kadà kan sì dùbúlẹ̀ nínú koríko, táyà rẹ̀ kọjú sókè. Mo bọ́ sílẹ̀ kí èyí tó gbé mi tó dúró, mo ṣubú, mo fi orúnkún balẹ̀, mo dìde. Mi ò kọ́kọ́ wá èèyàn. Àárín táyà iwájú ni mo wò. Nọ́ọ̀tì wà níbẹ̀, ó lẹ̀ típẹ́. Ọ̀kadà ẹlòmíì ni.

Ẹni tó ni ín jókòó sórí koríko, ó di ìgbọ̀nwọ́ mú, obìnrin kan ń da omi inú ọ̀rá sí i lórí. Yanrìn tó ti ara típà dà sílẹ̀ ló mú un yọ̀ ṣubú. Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Olúwa, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun." Obìnrin náà wò mí. Ojú tì mí. Ọmọ ẹlòmíì ló jókòó tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára rẹ̀, èmi ń dúpẹ́.

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn náà, ọ̀kadà Bàbá wà lábẹ́ igi fúrúùtù lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró ṣinṣin bíi pé nǹkan kan ò ṣe é. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Nọ́ọ̀tì ò sí níbẹ̀ mọ́ rárá. Orí irin náà ṣófo, ó ń dán níbi tí nọ́ọ̀tì ti ń yí lórí rẹ̀, irin náà fúnra rẹ̀ sì ti sún wọlé kúrò ní ẹsẹ̀ ọ̀kadà ní apá ibẹ̀. Ohun tó kù tó ń dì í mú kò ju ìbú ìka kan lọ.

"Àǹtí! Ẹ̀yin rèé?" Bàbá ló ń jáde bọ̀, ike omi wà lọ́wọ́ wọn. "Ta ló sọ fún yín pé a wà níbí?"

Mi ò rántí kí wọn. Mo kàn nawọ́ sí táyà. "Bàbá, ẹ wá wo nǹkan, sà."

Wọ́n lóṣòó. Wọ́n fi ìka wá nọ́ọ̀tì náà, wọ́n wá a yí ká, wọ́n tún padà síbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wá a. Wọ́n fi àtàǹpàkò kan irin náà, ó mì. Wọ́n bá jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lórí ewé gbígbẹ, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun tí wọ́n wọ̀.

"Àlíhámúdù lílááhì," ni wọ́n sọ. "Mo ṣe bí ọ̀nà ni. Ó ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi, mo ní ọ̀nà ni kò dáa. Mo kàn ń rọra bọ̀ nítorí ẹsẹ̀ ìyá yín."

Màmá ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, báńdéèjì tuntun wà lẹ́sẹ̀ wọn. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, wọ́n kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo wá tú fọ́tò náà, mo fi han àwọn méjèèjì. Mo ṣàlàyé. Mo lè dákẹ́ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ìgbà tí mo rí i. Ṣùgbọ́n Bàbá ti ń ṣàdúrà fún mi, wọ́n ń sọ pé Ọlọ́run ló rán mi, ara mi ò sì gbà á.

Mo ní, "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti rí i, sà."

Màmá ló sọ̀rọ̀. "O rí i, o ò sọ?"

"Mo rí i, mà, mi ò mọ̀ pé nǹkan kan ni. Mo rò pé fọ́tò ló ṣe àṣìṣe. Mo tún un yà."

"O tún un yà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Lórí aṣọ tí o fi ń yàwòrán."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Màmá ní, "Ọmọ mi, àwa ò sí lórí aṣọ. Ojú títì la wà."

Bàbá ní, "Jẹ́ kí Àǹtí sinmi. Wọ́n ti wá."

Màmá wá jókòó lórí àtẹ̀gùn, wọ́n sì fọwọ́ pè mí pé kí n wá jókòó ti àwọn. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí mẹkáníìkì tí ọlọ́kadà tó gbé mi wá lọ gbé wá fi dé. Nígbà tó tún un ṣe tán, Bàbá ní kí Màmá wá gùn ún, Màmá ní àwọn ò gùn ún lónìí. Èmi àti àwọn la jọ wọ bọ́ọ̀sì kékeré padà. Nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n fi ọ̀rá omi tó kù lọ́wọ́ wọn fọ ọ̀dà kúrò ní ìka mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí èèyàn ń fọ ọwọ́ ọmọdé.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi rọ́bà pa nọ́ọ̀tì tí mo yà rẹ́, mo yà á síbi tí fọ́tò ní kó wà, àti òjìji àti gbogbo rẹ̀. Mo parí àwòrán náà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò lọ. Ńṣe ló tún pọ̀ sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú gbogbo fọ́tò tí mo ti yà sẹ́yìn, mò ń fẹ̀ wọ́n lójú kọ̀ǹpútà, mò ń wo táyà, mò ń wo ṣéènì. Mo rí táyà tó ti jẹ tán tó ń dán. Mo rí ọkùnrin kan tí okùn bíréèkì rẹ̀ ti já, tó fi wáyà so ó, obìnrin àti ọmọ méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ọdún tó kọjá ni mo yà á. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, mi ò mọ ilé rẹ̀. Mo fi fọ́tò náà dání lọ sí Awóyáyà lẹ́ẹ̀mejì, mo ń fi han àwọn ọlọ́kadà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ó tó oṣù kan kí n tó tún gun ọ̀kadà Bàbá. Kí a tó gbéra, Bàbá bọ́ sílẹ̀, wọ́n fi sípánà kan gbogbo nọ́ọ̀tì níkọ̀ọ̀kan lójú mi, wọ́n ní kí èmi náà fọwọ́ kàn án. Mo fọwọ́ kàn án. Mi ò ya fọ́tò kankan títí a fi dé, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi dì wọ́n mú.

Màmá ti padà sórí ọ̀kadà nígbà tí egbò náà kọ̀ tí kò jiná kíá. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń pè mí láti ilé ìwòsàn, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Wọn kì í bi mí nípa iṣẹ́, wọn kì í béèrè bí ara ṣe rí. Wọ́n á kàn ní, "A ti dé o," wọ́n á sì gé fóònù. Tó bá ti ń ku díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù, n kì í lè mú búrọ́ọ̀ṣì dání, ńṣe ni mo máa ń jókòó ti fóònù títí á fi dún.